Mo tọpa awọ ẹran kan lọ sí Paris

Ọjọ́rú

"Gààrí mi dà?" Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ sọ nìyẹn ní ibùdókọ̀ ojú irin Gare du Nord, kí wọ́n tó dì mọ́ mi. Gààrí Ìjẹ̀bú wà nínú báàgì, kóńgò mẹ́rin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni fáìlì aláwọ̀ ewé kan wà tí mo kó àwọn lẹ́tà tí mo tẹ̀ sórí ìwé sí. Lẹ́tà Thomas Jefferson ló pọ̀ jù nínú wọn. Òun ló di ààrẹ kẹta ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1801, ṣùgbọ́n Paris ló wà láti 1784 sí 1789 gẹ́gẹ́ bí aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Èyí tí mo torí rẹ̀ rìnrìn-àjò ló wà lókè pátápátá. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1787 ló kọ ọ́ sí Georges-Louis Leclerc, Comte de Buffon, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ abẹ gé nígbà náà ní gbogbo Yúróòpù bó bá ti kan ọ̀rọ̀ ẹranko.

Mo fẹ́ kọ ìdí tí mo fi wá sílẹ̀ kí n tó sùn. Bàbá mi àgbà, ọdẹ ni wọ́n ní agbègbè Ìgbẹ́tì. Bí wọ́n bá pa ẹran ńlá, wọ́n á bó awọ rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìnkùlé, inú rẹ̀ á kọjú sókè, wọ́n á fi èèkàn kéékèèké kàn án mọ́lẹ̀ yí ká, wọ́n á wá da eérú lé e. Èmi ni mo máa ń lé adìẹ kúrò lórí rẹ̀. "Awọ tí ò bá tètè gbẹ," wọ́n máa ń sọ, "irun rẹ̀ ò ní dúró."

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka lẹ́tà Jefferson, mo dé ibi tó ti ń sọ fún Buffon pé awọ moose, ẹran ńlá kan tó jọ àgbọ̀nrín, tí òun fi ránṣẹ́, tirun-tirun ni wọ́n ṣe é, àmọ́ púpọ̀ nínú irun náà ti re, èyí tó kù náà sì ti ń wá ọ̀nà àtire. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Olóṣèlú ńlá kan àti ọ̀mọ̀wé ńlá kan, ọ̀rọ̀ awọ tí kò gbẹ dáadáa ni wọ́n ń bá ara wọn sọ! Òórùn ẹ̀yìnkùlé bàbá mi àgbà bá mi lójijì nínú yàrá mi ní London. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé màá dé ibi tí lẹ́tà yìí dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn á tẹ̀ lé mi. Wọ́n ti ń gbé ìlú yìí fún ogún ọdún, wọn ò sì dé ọgbà ọba tí Buffon ti ṣiṣẹ́ rí.

Ọjọ́bọ̀

Òpópónà Champs-Élysées, níbi tí òpópónà Berri ti yà sí i. Èrò pọ̀ bí èrò Dùgbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Lára ògiri ilé kan tó wà ní igun yẹn ni wọ́n kan àkọlé ìrántí kan mọ́, tó ń sọ pé ibí ni Jefferson gbé. Hôtel de Langeac ni ilé tirẹ̀ ń jẹ́. Wọ́n ti wó o láti 1842. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ti gba abẹ́ àkọlé yìí kọjá lọ sí ibi iṣẹ́ àìmọye ìgbà, àwọn ò gbójú sókè rí.

A wá ibi jókòó sí, mo sì ṣàlàyé ìjà tó wà nílẹ̀ fún wọn.

Buffon ni ọba Faransé fi ṣe alábòójútó ọgbà rẹ̀ láti 1739. Ní 1749 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ńlá kan jáde, apá lórí apá, lórí gbogbo ẹ̀dá tó wà láyé. Nínú ìwé yìí ló ti sọ pé nǹkan kan ń ṣe ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní òtútù àti ọ̀rinrin ibẹ̀ ti pọ̀ jù, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹranko ibẹ̀ dàgbà tó ti ibòmíràn. Ó ní kò sí erin níbẹ̀, ẹran tí ibẹ̀ ní dípò erin ò ju ọmọ màlúù olóṣù mẹ́fà lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní kìnnìún níbẹ̀, kò ní irun lọ́rùn, ojo sì ni. Ẹran ọ̀sìn tí wọ́n bá kó láti Yúróòpù lọ síbẹ̀, kíkéré ló ń kéré sí i. Ó tún wá fi àwọn ènìyàn tó ni ilẹ̀ náà kún un: ó ní ara wọn ò le, ọkàn wọn sì tutù.

"Ó dé ibẹ̀ ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

Kò dé ibẹ̀ rí. Ẹnu àwọn arìnrìn-àjò ló ti gbọ́ ọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n ìròyìn ni Buffon gbé kalẹ̀ bí ẹ̀rí, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn ún kà, gbogbo ènìyàn gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ò kéré lójú Jefferson. Orílẹ̀-èdè tuntun ni tiwọn. Wọ́n ń yá owó lọ́wọ́ àwọn ará Yúróòpù, wọ́n ń wá oníṣòwò, wọ́n ń wá àwọn tó máa wá tẹ̀ dó. Bí ọ̀mọ̀wé tó lókìkí jù bá ń sọ pé ilẹ̀ yín ń sọ ẹ̀dá di aràrá, ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ wá? Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan. Nínú ìwé tó kọ nípa ìpínlẹ̀ Virginia, tó kọ́kọ́ tẹ̀ ní Paris yìí ní 1785, ó to ẹranko ilẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: béárì Yúróòpù, ìwọ̀n pọ́ùn 153.7, ti Amẹ́ríkà, 410. Beaver Yúróòpù, ẹran kan tó ń gbé inú omi àti orí ilẹ̀, 18.5, ti Amẹ́ríkà, 45. Ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun náà máa wọn ohun tí wọ́n bá rí. James Madison, tó di ààrẹ lẹ́yìn rẹ̀, la inú ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní weasel, ó wọ̀n ọ́n láti imú dé ìrù, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà ní oṣù kẹfà 1786. Mo fẹ́ràn lẹ́tà yẹn gan-an. Ẹni tí wọ́n máa tó gbé iṣẹ́ òfin orílẹ̀-èdè lé lọ́wọ́, òun ló jókòó tó ń wọn èékánná ẹran ìgbẹ́.

Jefferson mọ̀ pé òǹkà nìkan ò lè borí irú ẹni bíi Buffon. Nígbà tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà ní 1784, ó ti rí awọ ẹkùn ilẹ̀ wọn kan, èyí tí wọ́n ń pè ní cougar, lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ aránfìlà kan ní Philadelphia. Ó tóbi ju bí wọ́n ṣe máa ń tóbi lọ. Ó rà á, ó sì gbé e sọdá òkun. Chastellux, ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì, ló bá a gbé awọ náà àti ìwé rẹ̀ lé Buffon lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1785, Buffon kọ̀wé dúpẹ́, ó sì ní kí wọ́n wá bá òun jẹun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi oúnjẹ yẹn, Jefferson fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Daniel Webster, olóṣèlú Amẹ́ríkà kan, ní 1824, nígbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ó ní Buffon ò bá òun jiyàn rárá. Ńṣe ni Buffon nawọ́ mú ìwé tó kọ kẹ́yìn, ó gbé e lé òun lọ́wọ́, ó ní bí Jefferson bá ti kà á tán, á rí i pé òótọ́ ni Buffon ń sọ. Jefferson ní ẹran kan wà nílẹ̀ àwọn, moose lorúkọ rẹ̀, tí reindeer ilẹ̀ Yúróòpù, irú àgbọ̀nrín kan, lè gba abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá. Ó tún ní ìwo àgbọ̀nrín àwọn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Buffon ò gbà. Ó ní bí Jefferson bá lè mú ẹyọ kan ṣoṣo tí ìwo rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan wá, òun á fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Mo ní ohun kan tí mo ṣì gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kí a tó dìde. Nínú ilé tí àkọlé yẹn ń dárúkọ, ọ̀dọ́kùnrin dúdú kan wà níbẹ̀, James Hemings, ẹrú Jefferson. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó mú un wá ní 1784 pé kó wá kọ́ oúnjẹ Faransé. Ní oṣù keje 1787, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Sally, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tẹ̀ lé ọmọ Jefferson wá láti òkè òkun. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé lẹ́yìn ìyẹn tí egungun moose fi dé.

"Nínú ilé yìí kan náà?"

"Nínú ilé yìí kan náà, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n tún wo àkọlé náà. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò sọ nǹkan kan títí a fi dé etí odò Seine, níbi tí wọ́n gbé ère Jefferson dúró sí, ó mú gègé ìkọ̀wé lọ́wọ́. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Léopold Sédar Senghor, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Senegal, ni wọ́n fi sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní orí afárá yẹn ni kí n ti ya àwọn ní fọ́tò, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère.

Ọjọ́ Ẹtì

Ọgbà náà nìyí. Jardin du Roi ni wọ́n ń pè é láyé ọba. Jardin des Plantes ni lónìí. Òjò wínníwínní ń rọ̀ láti àárọ̀.

A kọ́kọ́ gun òkè kékeré tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́bàá ọ̀nà ni igi kédárì Lẹ́bánónì kan wà tí Bernard de Jussieu gbìn ní 1734. Mo fọwọ́ kan èèpo rẹ̀, ó tutù, ó sì le bí awọ ọ̀nì. Nígbà tí àpótí egungun Jefferson wọ ìlú yìí, igi yìí ti tó ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ó dùn mọ́ mi pé nǹkan kan ṣì wà láàyè tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lórí òkè téńté ni àgọ́ onírin kékeré tí wọ́n kọ́ láàárín 1786 sí 1788 wà, irin tí wọ́n rọ nílé iṣẹ́ Buffon fúnra rẹ̀. Daubenton, tó bá Buffon ṣiṣẹ́ tó sì ń la inú ẹranko fún un, sàréè rẹ̀ wà lára òkè náà, abẹ́ òpó òkúta kan.

Buffon tí wọ́n fi idẹ ṣe jókòó nísàlẹ̀, níwájú ilé ńlá tí wọ́n kó àwọn ẹranko sí. A wọlé. Erin ló ṣáájú, àgùnfọn tẹ̀ lé e, àgbáǹréré, ẹfọ̀n, kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́ abilà, gbogbo wọn tò lọ lórí ilẹ̀ pákó bíi pé wọ́n gbọ́ ìró iná ìgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dì mí lápá mú. "Gbogbo ará ilé ló pé síbí," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́.

Àgbáǹréré kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ rí lójúkojú. Láti Íńdíà ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún. Versailles ló gbé títí tó fi kú ní 1793. Awọ rẹ̀ nìyí níwájú mi, tí wọ́n nà sórí igi. Mo tẹ̀ síwájú, mo wo ibi tí wọ́n ti rán an. Ọjọ́ orí awọ yìí àti ti moose Jefferson fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí wà. Ti Jefferson ò sí. Mo bi òṣìṣẹ́ kan tó dúró nítòsí, ó ní kí n kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún òun, ó wò ó, ó mi orí. Mo ti mọ̀ kí n tó béèrè. Moose náà ti sọnù tipẹ́tipẹ́, kò sí ẹni tó mọ ibi tó wọlé sí.

Mo lọ jókòó, mo ṣí fáìlì mi.

Ní oṣù kìíní 1786 ni Jefferson kọ̀wé sí ọ̀gágun John Sullivan ní New Hampshire pé kó bá òun wá moose kan. Bó ṣe ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa bó o yé ọmọ ọmọ ọdẹ bíi tèmi dáadáa. Ó ní kí wọ́n fi pátákò sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí egungun ẹsẹ̀ àti ti itan wà nínú awọ bó bá ṣeé ṣe, kí egungun orí náà wà nínú awọ pẹ̀lú ìwo lórí, pé bí wọ́n bá ti rán ọrùn àti ikùn pọ̀, wọ́n á rí bí ẹran náà ṣe rí gan-an àti bó ṣe tóbi tó. Kì í ṣe ẹni tí kò rí ibi tí wọ́n ti ń bó ẹran rí ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ ẹran tó tóbi báyẹn, tí egungun wà nínú ẹsẹ̀, tó máa rin ìrìn oṣù mẹ́fà! Bàbá mi àgbà ì bá ti sọ fún un pé irun ò ní dúró.

Ọdún kan kọjá. Oṣù kẹta 1787, ìgbà tí yìnyín ṣì bo gbogbo ilẹ̀, ni àwọn tí Sullivan rán wọ igbó. Jefferson kọ ìtàn náà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní London lẹ́yìn náà, ó ní ńṣe ni Sullivan sọ ọ́ di ogun: yìnyín pọ̀, wọ́n kọlu agbo moose, wọ́n pa ọ̀kan nínú aginjù, wọ́n la ọ̀nà máìlì ogún kí wọ́n tó lè gbé e jáde, wọ́n fi ọwọ́ fà á dé ilé Sullivan, wọ́n tún wá jókòó ti nínu egungun. Ìwo tirẹ̀ ò bá a wá. Ti moose mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò. Sullivan kó ìwo caribou àti ti elk, àwọn ìbátan àgbọ̀nrín, àti ti àgbọ̀nrín gan-an mọ́ ọn. Ọkọ̀ òkun tó yẹ kó gbé àpótí náà fi í sílẹ̀ ní èbúté lọ, ó di ìgbà tí wọ́n rí òmíràn. Nígbà tí ìwé owó dé ọ̀dọ̀ Jefferson, ó lé ní pọ́ùn ogójì owó Gẹ̀ẹ́sì. Owó ńlá ni nígbà náà. Ó san án.

Ìyẹn ni lẹ́tà ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá fi wá. Ó ka ohun tó wà nínú àpótí fún Buffon lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ni òun fi pè wọ́n, Buffon ló ni ẹ̀tọ́ láti sọ orúkọ tó jẹ́ tiwọn gan-an. Ó tọrọ àforíjì lórí ìwo elk, ó ní ó kéré jọjọ, òun ti rí èyí tó wúwo tó o ní ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà. Mo ka ibẹ̀ sókè fún ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí jù. Ó lè dákẹ́. Ó lè jẹ́ kí irun tó re jẹ́ ẹjọ́ ẹni tó bá rí i. Àmọ́ bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Àbùkù ẹrù rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi han ẹni tó ń bá jà.

Ọ̀sán, a lọ sí ilé egungun tó wà ní ìkángun ọgbà náà. Egungun ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹranko kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ère ènìyàn tí wọ́n bó láwọ ló ṣáájú wọn. Lókè ni egungun mammoth tí wọ́n wú ní Durfort wà, ìbátan erin tó ti kú run. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìwé mìíràn nínú fáìlì mi. Nǹkan bí ọdún 1725, wọ́n wú eyín ẹran ńlá kan nínú ilẹ̀ ní Stono, ní Carolina. Mark Catesby tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo àwọn ẹrú tí wọ́n bí ní Áfíríkà, tí wọ́n rí eyín náà, ẹnu wọn kò sí lórí ohun méjì: erin ni. Ní 1782, Arthur Campbell kọ̀wé sí Jefferson fúnra rẹ̀ nípa irú eyín bẹ́ẹ̀, ó ní àwọn ọmọ Áfíríkà tó lóye ti wò ó, wọ́n ní ti erin ni. Mammoth tàbí mastodon ni àwọn eyín wọ̀nyí, ìbátan erin ni àwọn méjèèjì. Àwọn tí wọ́n kó ṣẹkẹṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́ ló kọ́kọ́ mọ ìbátan ẹran náà, nítorí pé wọ́n ti fojú rí erin nílé. Kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú wọn nínú àkọsílẹ̀ Catesby, kò sì sí i nínú lẹ́tà Campbell.

Alẹ́, mo pe bàbá mi ní Ìbàdàn. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti ìgbẹ́ dé Paris. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí ọmọ ọdẹ máa béèrè:

"Ta ló pa á?"

Mo ṣí lẹ́tà náà lójú ẹsẹ̀. Mo kà á látòkè délẹ̀. Orúkọ ọdẹ kankan ò sí nínú ohun tí Jefferson kọ sí Buffon. "Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní Amẹ́ríkà" ló kọ síbẹ̀.

"Ẹran ò lè ti ìgbẹ́ dé ààfin kó má ní ọdẹ," ni bàbá mi wí. Wọ́n kí mi pé ó dàárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Montbard, ní ilẹ̀ Burgundy. Wákàtí kan péré láti Gare de Lyon. Ẹ̀gbọ́n mi gbé jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, wọ́n ní àwọn ò mọ irú oúnjẹ tó wà níbẹ̀.

Níbí ni wọ́n bí Buffon sí ní 1707, ibí ló sì ti máa ń lo ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ọgbà rẹ̀ wà lórí òkè tó borí ìlú, níbi tí odi àwọn olóyè Burgundy wà tẹ́lẹ̀. Ó wó púpọ̀ nínú rẹ̀, ó fi ilé ìṣọ́ méjì sílẹ̀. Yàrá tó ti ń kọ̀wé dá dúró láàárín igi. Wọ́n ní orun máa ń bá a jà lówùúrọ̀, ó bá sọ fún ìránṣẹ́ rẹ̀ kan, Joseph, pé ọjọ́ tó bá lè jí òun kí aago mẹ́fà tó lù, owó wà fún un. Ọjọ́ kan tí Buffon kọ̀ tí kò dìde, Joseph da omi tútù lé e lórí, ó sì gba owó rẹ̀. Mo kọ orúkọ Joseph sílẹ̀. Lẹ́yìn ìbéèrè bàbá mi, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá kiri báyìí.

A wọ takisí lọ sí ilé ìrọ́rin rẹ̀ ní abúlé tó ń jẹ́ Buffon. 1768 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ojú ọ̀nà la ti wò ó, òrùlé pupa, omi ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbí ló ti ní kí wọ́n rọ irin róbótó-róbótó fún òun, ńlá àti kékeré. Wọ́n á fi iná yan wọ́n títí wọ́n á fi funfun, á wá jókòó tì wọ́n, á máa ka ìṣẹ́jú títí wọ́n á fi tutù. Ibi bí irin kékeré ṣe tutù ló ti ṣírò bí ayé ṣe máa pẹ́ tó kó tó tutù. Ní 1778 ó kéde pé ayé ti lò tó ọdún 75,000, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń ka nǹkan bí 6,000.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Ẹni tó lè jókòó ti irin gbígbóná nítorí kí ọwọ́ rẹ̀ lè ba òótọ́, báwo ló ṣe jẹ́ kí ìròyìn lásán tó òun lórí odindi ilẹ̀ kan? Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí mo rò ni pé irin wà nítòsí rẹ̀, ó sì kà á sí. Amẹ́ríkà jìnnà, àwọn ènìyàn ibẹ̀ ò sì sí níbi tí wọ́n ti lè dá a lóhùn. Ó di ìgbà tí ẹnì kan tí òun náà jẹ́ ọlọ́lá, tó lè bá a jókòó jẹun, kó egungun wá sílùú.

Jefferson sọ fún Webster pé Buffon gbà, ó sì ṣèlérí pé òun á tún un ṣe nínú ìwé tó máa tẹ̀ lé e. Kò ráyè. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin 1788 ló kú, oṣù mẹ́fà ààbọ̀ lẹ́yìn lẹ́tà náà. Wọ́n gbé e wá sin níbí. Nígbà ìṣọ̀tẹ̀ ilẹ̀ Faransé, wọ́n tú sàréè rẹ̀ nítorí òjé tó wà lára pósí. Ní 1794 wọ́n bẹ́ ọmọ rẹ̀ lórí.

A jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù nínú ọgbà náà, lórí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ igi. Ó ti tutù, ó sì dùn.

Ọjọ́ Àìkú

Ọkọ̀ mi di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó nínú ilé ìdáná wọn pẹ̀lú fáìlì mi.

Nǹkan kan wà tí mi ò fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ yìí ò pé bí mi ò bá kọ ọ́. Ìwé Virginia kan náà tí Jefferson ti jà fún béárì àti beaver, inú rẹ̀ náà ló ti kọ ọ́ pé òun fura pé àwọn ènìyàn dúdú rẹlẹ̀ sí funfun ní ara àti ní ọpọlọ. Ẹjọ́ tó ń bá Buffon ṣe gan-an nìyẹn, òun ló wá ń dá a fún ẹlòmíràn. Kò sì lè sọ pé ọ̀nà ló jìn. Inú ilé rẹ̀ ni wọ́n wà.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ 1791, Benjamin Banneker, ọmọ dúdú tó wà lómìnira ní Maryland, ṣe fún Jefferson ohun tí Jefferson ṣe fún Buffon. Ó fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Ìwé kàlẹ́ńdà tó fúnra rẹ̀ ṣírò láti inú ìrìn oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ ló fi sínú lẹ́tà, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó sì bi Jefferson ní ìbéèrè lórí oko ẹrú láìfi bò. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà Jefferson fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní òun ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Condorcet, ọ̀mọ̀wé Faransé kan, ní Paris. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìyẹn. Àmọ́ ní 1809, Banneker ti kú, Jefferson kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Joel Barlow, pé ọpọlọ ọkùnrin náà kò ga ju ti ènìyàn lásán lọ. Gíga ló tún ń wọ̀n. Ẹni tó san owó kí wọ́n lè wọn ẹsẹ̀ moose dáadáa.

Ó dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ìwé kan ló kù nínú fáìlì náà, tí mo ti fi sísàlẹ̀ láti London. James Hemings ló kọ ọ́ ní oṣù kejì 1796, ní Monticello, ilé Jefferson ní Virginia, lọ́dún tó gba òmìnira rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní gbogbo ohun tó kọ́ ní Paris. Ohun èlò ilé ìdáná ló kà sílẹ̀: ìkòkò bàbà àti ọmọrí wọn, agolo ìyankéèkì, àwo, ṣíbí. Ìlà rẹ̀ gún régé. Ọwọ́ tó kọ ọ́ mọ iye gbogbo nǹkan, ó mọ ibi tí wọ́n wà.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, wọ́n bọ́ gèlè, wọ́n gbé epo ka iná. Mo pe bàbá mi. Mo ní mi ò rí orúkọ ọdẹ o, àmọ́ mo rí orúkọ ẹni tó ń dáná nínú ilé tí lẹ́tà náà ti jáde, mo sì rí ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Wọ́n ní kí n pè é kí àwọn gbọ́.

"James Hemings," mo wí.

Wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n lè gbà á mú.